Fọ́tò Tí Mo Gbé Sórí Fóònù Màámi

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Lọ́jọ́ ìbí bọ̀ọ̀dá mi, Màámi ní kí n fi fọ́tò rẹ̀ ṣe díìpí Wáàsáàpù àwọn, kí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà wọn lè bá wọn yọ̀. Kì í ṣe ti Àbújá, níbi tó ti wọ kóòtù, tó fara ti mọ́tò tí mi ò rò pé tirẹ̀ ni. Èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ìjerò ni wọ́n nawọ́ sí: ọmọ ọdún mẹ́wàá, láìwọ bàtà, síngílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya, apẹ̀rẹ̀ kókó ń bẹ lórí rẹ̀.

“Ọjọ́ tó ní òun á ru ẹrù ju bàbá yín lọ nìyẹn,” wọ́n ní. Orí èmi náà wú. Mo gbé e síbẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí bọ̀ọ̀dá mi fi pè mí.

“Ta ló ní kí o gbé rádaràda yẹn síta? Àwọn tó fẹ́ di àna mi ní nọ́ńbà Màámi!”

Mo yọ ọ́ kíá, àmọ́ wọ́n ti rí i. Ohun tó ti sọ fún wọn nípa ilé wa, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ ti kúrò lórí fóònù Màámi. Orí aláwọ̀ eérú kan ló kù níbẹ̀, ìpè wọn ò sì wọlé mọ́. Ó ti bùlọ́ọ̀kì ìyá tó bí i. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n má dá sí i. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún Màámi. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, wọ́n á gba fóònù mi, wọ́n á wo ọmọ wọn. “Ó ti ru. Uṣẹ́ pọ̀ fún un.” Inú á máa bí mi, omi á sì máa lé sí mi lójú.

Sọ́ńdè tó kọjá, fọ́tò náà ti yí padà. Bọ̀ọ̀dá mi wọ agbádá, ìyàwó dúró tì í, bàbá kan àti ìyá kan jókòó síwájú wọn. Ìgbéyàwó ti kọjá, a ò gbọ́. Kí n tó pa fóònù náà, ọwọ́ Màámi ti dé ibẹ̀.

“Ta nìyá tó jókòó yìí?”

“Mi ò mọ̀ wọ́n, Mà.”

Wọ́n fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ lọ, títí ìyá yẹn fi jáde kúrò nínú rẹ̀, tó wá ku ojú ọmọ wọn nìkan. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Fìlà yẹn bá a mu,” wọ́n ní. “Bá mi sọ fún un pé mo ti rí i.”

Mo ní màá sọ fún un.