Omi Gbígbóná Lójú Abẹ́rẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí itan Bọ́lá, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ ọwọ́ ni Bọ́lá nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń lọ sóko, nítorí náà ìyá àgbà ló ń gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìtọ́jú wa l'Ákúrẹ́. Láti Òdà ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn wá, torí ìlú le, owó ọkọ̀ sì ti kọjá agbára wọn.

Àwa tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Ojú ibẹ̀ lè wú, kó le díẹ̀, ara ọmọ lè gbóná lálẹ́, kó máa ké. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ara ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà ni. Ṣùgbọ́n Mátírọ́nì wa ní a kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó ní bí àwọn ìyá bá gbọ́ pé ara ọmọ yóò gbóná, wọn ò ní padà wá. Mo bá a jiyàn títí, ó ní ṣé èmi ni mo fi òun joyè ni.

Bí Bọ́lá ṣe délé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, itan wú, ara gbóná. Kí ni ìyá àgbà ilẹ̀ wa ì bá ṣe? Omi gbígbóná la fi ń jó ikùn abiyamọ, òun náà la fi ń tẹ ara ìkókó. Ó ri aṣọ bọ omi gbígbóná, ó fi lé ojú abẹ́rẹ́, ó tún fi lé e. Nígbà tó fi máa gbé e padà wá, awọ itan ọmọ ti bó.

Mátírọ́nì sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo èrò orí bẹ́ǹṣì. Ó pè é ní ará oko, ó pè é ní ọ̀dájú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Màmá àgbà náà ń wò. Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán.

"Ẹ má bú wọn mọ́, mà," mo wí. "Àwa la ò sọ fún wọn."

Kó tó di ọ̀sán, kúẹ́rì ti wà lórí tábìlì mi. Mo fèsì, n ò tọrọ àforíjì. Mo tọ́jú itan náà títí ó fi jinná, ṣùgbọ́n Màmá búra pé Bọ́lá ò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ikọ́ tó ń gba ẹ̀mí ọmọdé ń jà lágbègbè wa, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ò sì tó láti dènà rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo lọ bá wọn l'Ódà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé. Màmá gbọ́ mi tán, ó gbé Bọ́lá wọlé.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú Bọ́lá lẹ́sẹ̀. Mo gbé síríńjì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, dúró ná. Bí mo bá dé ulé, kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe?"

Mo sọ fún un: kò sí omi gbígbóná, kò sí títẹ̀, aṣọ tí a fi omi tútù rin ni kó fi lé e, bí ibà náà bá kọ̀ tí kò lọ, kó tètè gbé e wá. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo sì gbóhùn sókè kí Mátírọ́nì lè gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì rẹ̀.