Ọdẹ Ẹ́lìkì Tí Merla Bá Bàbá Rẹ̀ Ṣe Kẹ́yìn

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó mọ òkè Tansy bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, Orrin Pruett ni ẹnu gbogbo ará Garnet Fork máa ń kọ́kọ́ bà. Ọkùnrin náà ga, ó gbẹ bí òpó ọgbà, iṣẹ́ ọgbà náà ló sì ṣe jẹun. Òun ló ń ri òpó mọ́lẹ̀, òun ló ń na wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí pápá àwọn olówó màlúù ká, láti ìgbà èwe rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, tí ewé orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kò sí olówó màlúù tó lè fojú kan Orrin. Á ti gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, á ti gba òkè lọ. Ẹ́lìkì ló ń lé, àgbọ̀nrín ńlá orí òkè náà tí akọ rẹ̀ tóbi tó ẹṣin, tí ìwo rẹ̀ rí bí ẹ̀ka igi gbígbẹ.

Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ìbọn ìgbàlódé tó ń pa ẹran láti òkè kejì. Orrin ní òun kò ṣe ìyẹn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ́lìkì, kó sún mọ́ ọn débi tí yóò fi máa gbọ́ èémí rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ igi ìdí ìbọn rẹ̀. Ó gbẹ́ òmíràn fún Merla, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré tí kò tíì lè dá a gbé.

Merla ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ilé ìwé ìlú wọn ló ti ń dáná fún àwọn ọmọ. Ó ti lọ́kọ rí, ọkọ náà bá tirẹ̀ lọ, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀, kò kúrò mọ́. Dell, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni tirakítọ̀ dojú dé lórí pápá nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéyàwó. Ìbànújẹ́ yẹn náà ló gbé ìyá wọn lọ. Bó ṣe ku bàbá àti ọmọ nìkan nínú ilé nìyẹn.

Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni àìsàn náà wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, Orrin da iyọ̀ sí kọfí, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ ra ìṣó, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn ti bá a tó ń wá ọ̀nà ilé kiri. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Merla ní Dell. Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, kò sì lóògùn.

"Ẹ má sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn mọ́ o," ni dókítà wí.

Merla gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí òkè Tansy, ìjọba kì í fún gbogbo ayé láṣẹ láti dẹ ẹ́lìkì. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, ẹlòmíràn á sì dúró títí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Ọdún tí dókítà sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kèké wá mú bàbá àti ọmọ pọ̀. Nígbà tí Orrin gbọ́, ó dìde lórí àga, ó sì pe Merla ní Merla. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń nu ìbọn, tó ń súfèé. Obìnrin náà wá ń rò ó pé bóyá òkè lè dá bàbá òun padà fún òun. Ohun tó gbé e gun òkè nìyẹn. Kì í ṣe ẹran.

Hub Yarnell, aládùúgbò wọn, ló fi ìbaaka ru ẹrù wọn dé ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Hub àti Orrin ti ń bú ara wọn láti kékeré, èébú náà sì ni ọ̀rẹ́ wọn.

"Hub," ni Orrin wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, "ìbaaka rẹ yìí mọ̀nà jù ọ́ lọ."

"Ó tún rẹwà jù ọ́ lọ," Hub dá a lóhùn. "Tó bá lè sọ̀rọ̀ ni, òun ni ǹ bá máa bá mu bíà."

"Bíà wo? Ta lo ra bíà fún rí láyé ẹ? Ahun!"

Hub rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó fa Merla sẹ́yìn àgọ́.

"Merla, ara ẹ̀ yá gan-an lónìí o. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Má jẹ̀ẹ́ kó rìn jìnnà sí ẹ. Lọ́túnla ni màá padà wá wò yín."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Hub. A ò ní níṣòro."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn dára. Orrin fúnra rẹ̀ ló dáná, ó se ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó sì sọ ìtàn béárì tó gbé ṣòkòtò Hub sá lọ láìfo ibì kan. Merla sùn bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì ti dì lórí koríko. Akọ ẹ́lìkì kan fọn láti inú igbó páìnì. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tó ń han, ó sì ga sókè bíi fèrè.

"O gbọ́ yẹn?" Orrin béèrè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Olóríburúkú yẹn ń wá ìyàwó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìbọn. Orrin wọn ẹ̀tù, ó dà á sẹ́nu ìbọn. Ó gbójú sókè wo àwọn igi fún ìgbà díẹ̀. Ó tún wọn ẹ̀tù, ó tún dà á. Nígbà tó tún nawọ́ sí ìwo ẹ̀tù, Merla di ọwọ́ náà mú.

"Bàbá, ó ti tó. Ẹ ti dà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ló dà á lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀yin ni. Ìbọn yẹn á bẹ́ mọ́ yín lójú."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìbọn yíyìn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa. Panu mọ́ nígbà náà. Àbí ọmọ ló fẹ́ wá kọ́ bàbá bí wọ́n ṣe ń bímọ?"

Merla kò panu mọ́. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀tù dúdú sì ń dà sórí koríko funfun. Ó dà, ó dà. Orrin rí bó ṣe pọ̀ tó. Kò jà mọ́. Ó jókòó sórí igi tó wó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó yá ọwọ́ náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Merla tún ìbọn náà ki bó ṣe tọ́: ẹ̀tù, ọta, ó fi ọ̀pá tì í wọlé. Ṣùgbọ́n kápù, ìdérí idẹ bíńtín tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, àpò ara rẹ̀ ló kó o sí.

"Tẹ́ran bá dé, màá bá yín fi kápù sí i."

"Bíi ti ọmọdé," Orrin wí.

Merla gbé ìbọn tirẹ̀, ó ṣáájú.

Wọ́n lúgọ sí etí pápá kan láàárín igbó. Merla fi fèrè ẹnu rẹ̀ pe ẹran náà bí abo ṣe ń pe akọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀ka igi fi ń ṣẹ́, akọ ẹ́lìkì sì jáde, èéfín ń yọ ní ihò imú rẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà ilé ṣe jìnnà sí títì ló jìnnà sí wọn. Merla fàyà fà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó fi kápù sórí ìbọn.

"Tiyín ni, Bàbá."

Orrin gbé ìbọn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Èjìká rẹ̀ bá igi ìdí ìbọn mu wẹ́kú, bó ṣe máa ń rí nígbà tí Merla wà ní kékeré.

Ìbọn náà rọra wálẹ̀.

"Màlúù ta nìyẹn?" Orrin béèrè. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ́lìkì ni."

"Ó ti já ọgbà. Mo sọ fún wọn, mo ní òpó yẹn ti jẹrà. Dell, dìde ńbẹ̀, lọ ṣí géètì!"

Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó bọ́ sí gbangba, ó ń fi fìlà lé ẹran náà. "Hó! Hó! Ó yá, máa relé!"

Ẹ́lìkì náà yí padà, ó fò díẹ̀, ó sì dúró lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, ó fẹ̀gbẹ́ hàn, ó ń wẹ̀yìn. Orrin wà lápá òsì, ó jìnnà dáadáa. Títí dòní, Merla kò lè sọ ohun tó mú un yìnbọn. Bóyá inú ló bí i. Bóyá ìrètí tó kù nínú rẹ̀ ni kò fẹ́ kú. Ìbọn rẹ̀ dún gbòlà, èéfín funfun bo ojú rẹ̀, ó sì gbọ́ bí ẹran náà ṣe kọsẹ̀, tó ń wó igi lọ sí àfonífojì.

Nígbà tí èéfín náà ká, bàbá rẹ̀ ti kọjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn fún mi. Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́."

"Bàbá, èmi ni! Merla ni!"

Ó sáré gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó gbàgbé pé ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ òun. Orrin figbe ta. Ọkùnrin tí kì í lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró sinmi fi eré wọ inú igbó, ó sì pòórá.

Ẹ̀jẹ̀ ẹran wà lórí koríko, ó pupa yòò. Orrin ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá dá ọgbẹ́ sí ẹran lára gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ, bó bá dé òpin ayé, kó má bàa jẹ̀rora pẹ́. Merla wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó kẹ̀yìn sí i, ó tọ bàbá rẹ̀ lọ.

Ó wá a títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó rí aṣọ pupa ọdẹ rẹ̀ tó há sórí ẹ̀ka, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó bá a létí odò. Bàtà kan kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà wà nínú omi, ètè rẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó rí Merla, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tó máa ń rín sí àlejò.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, màdáámù."

"Bàbá."

"Ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ṣé ẹ ò pàdé ọmọ mi obìnrin lọ́nà? Òun nìkan ló wà lókè yẹn. Ẹnì kan wà ńbẹ̀ tó gbébọn, mo sì sá." Ó fi ọwọ́ bojú. "Mo sá fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Ẹ ò fi í sílẹ̀. Èmi ni. Ẹ wojú mi dáadáa."

Ó wò ó dáadáa. Ó mi orí.

"Rárá o, màdáámù. Ọmọ kékeré ni Merla. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá a kílẹ̀ tó ṣú."

Bàbá rẹ̀ kò tíì fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bí i. Ọ̀wọ̀ náà gún un ju èébú lọ. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un.

"Ó dáa, sà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wá a."

Bó ṣe mú un padà sí àgọ́ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀nà ni Orrin ń ké pé, "Merla! Merla o!" Nígbà kan obìnrin náà dáhùn pé, "Mo wà níbí." Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wò ó kọjá, ó sì tún ké.

Nígbà tí Hub dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti Orrin, Merla sì lọ wá ẹran tó pa. Ó rí i nísàlẹ̀ àfonífojì. Ó ti fi pátákò hú gbogbo koríko àyíká rẹ̀; ó pẹ́ kó tó kú. Ikùn rẹ̀ ti wú, béárì ti jẹ itan rẹ̀ kan, eṣinṣin sì bo ìyókù. Merla kúnlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ la ibí, ó la ọ̀hún, ó ń wá ibi kan ṣoṣo tó ṣì dára. Òórùn ló ń jáde. Ó la ẹran náà títí apá rẹ̀ fi kú, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ìwò wà lórí igi, wọ́n ń dúró dè é kó lọ.

"O rí i?" Hub béèrè nígbà tó padà.

"Mo rí i."

"Ó ku nǹkan kan ńbẹ̀?"

"Kò kù."

Orrin kò gbà kí wọ́n gbé òun gun ìbaaka. "Ẹ ò lè mú mi lọ! Ọmọ mi ṣì wà lórí òkè!" Ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń sunkún. Hub gbá a mọ́ra, omi ń bọ́ lójú òun náà.

"Merla ti délé, Orrin. Ó ti ń dáná. Oúnjẹ á tutù o."

"Lóòótọ́?"

"Ṣé mo purọ́ fún ẹ rí ni?"

Ara rẹ̀ wálẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Kí òjò dídì tó bo ọ̀nà, Merla ti mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó ní ìlú kejì, torí ó ti ń jáde kúrò nílé lọ wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ọjọ́ Àìkú ni Merla máa ń lọ wò ó. Ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé: "Màdáámù, ṣé ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀?" Níbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ òtítọ́ fún un pé òun ni Merla, pé ọmọ kékeré yẹn kò sí mọ́, òtítọ́ náà sì ń pa á lẹ́kún bí ẹni pé àná ló pàdánù ọmọ. Ó fi òtítọ́ sílẹ̀. Ó wá ń sọ pé ọmọ náà ti délé, ó ń jẹun, ara rẹ̀ le.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, Orrin kò béèrè mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún Merla pé ohun rere ni, pé ọkàn bàbá ti balẹ̀. Merla dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń gbàdúrà kí ìbéèrè náà tán. Ìgbà tó tán ló tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó ń wá òun ti ṣíwọ́ wíwá.

Ó fi ṣíbí bu èso inú agolo fún bàbá rẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó tún fi bulẹ́ńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀, ó wà á relé, torí àwọn ọmọ ilé ìwé á jẹun lọ́jọ́ kejì, òun ló sì máa sè é.