Sinimá Sísì ní Borokiri

Ẹkúndayọ̀ kì í ṣe ojo. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ọdún mẹ́jọ gbáko ló sì fi wà lórí ọkọ̀ tó ń gbé sinimá kiri ìgbèríko, pẹ̀lú àwọn tó máa ń ta aṣọ funfun mọ́ igi láti fi àwòrán polówó ọṣẹ àti oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó ti sun ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú rí, ó ti sun àárín igbó, oorun rẹ̀ kò sì já. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ sinimá í lò tí yóò lọ sí Port Harcourt ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

Adébùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ọlábísí, ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá, ta lẹ fẹ́ fi sinimá hàn níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá kù," ni Ẹkúndayọ̀ dá a lóhùn.

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Ìlú náà tóbi, àmọ́ ńṣe ló dà bí agbádá tí wọ́n gbé wọ ọmọdé. Àwọn Ìgbò tó pọ̀ jù nínú ará ìlú ti sá lọ nígbà tí àwọn sójà wọlé ní oṣù Èbìbí ọdún tó ṣáájú. Òpópónà lẹ́yìn òpópónà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn ń mì nínú afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tó ń yọjú. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, àwọn sójà, àwọn aṣọ́bodè, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń padà wálé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbowó, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí, wọn kò rí ibi tí wọ́n ti lè gbádùn ara wọn.

Gbọ̀ngàn sinimá kan wà ní Borokiri, kò jìnnà sí etí omi. Onílé ti sá. Dagogo, bàbá ará Okrika kan tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ kí ogun tó dé, ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọta ìbọn ti lu páànù òrùlé náà jálajàla. Nítorí kọ́fíù, òfin pé kí ẹnikẹ́ni má jáde lálẹ́, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe sinimá, bẹ́ẹ̀ sinimá kò ṣe é wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dagogo fi wà lórí òrùlé tó ń fi ọ̀dà dí ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ojú dé fún òkú.

Wọ́n ṣí i ní Sátidé. Sísì ni owó ìwọlé. Lẹ́nu géètì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ibiere ń yan bọ̀ọ̀lì àti ẹja lórí èédú. Tọ́rọ́ kan á ra bọ̀ọ̀lì kan, ẹja kékeré kan, àti epo ata tí yóò mú kí imú ẹni máa dà. Ẹni tó bá ní ṣílè kan lápò lọ́jọ́ náà, ó ti yó, ó ti wo sinimá, ó sì tún ku ohun tí yóò fi wọ ọkọ̀ relé. Kí oṣù méjì tó pé, gbọ̀ngàn náà ti ń kún.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Ẹkúndayọ̀ rí agolo róòlù fíìmù kan lẹ́yìn àpótí nínú yàrá ẹ̀rọ. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ láti mọ ohun tó jẹ́.

Iwájú gbọ̀ngàn yẹn gan-an ló jáde lára aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn sí. Èrò tò lọ títí dé orígun òpópónà, wọ́n múra ọdún, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání, ó ń ju fìlà sókè, ó ń hán an. Télọ̀ kan fi téèpù kọ́ ọrùn, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sí èjìká, ìyàwó rẹ̀ ń fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà sókè. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Ẹnu ń ṣí, eyín ń funfun, nǹkan kan kò dún.

Ìṣẹ́jú méje ni. Nígbà tó tán, Ẹkúndayọ̀ jáde síta. Òpópónà kan náà nìyẹn, òpó iná kan náà. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló dúró sí ibi tí àwọn èrò yẹn tò sí.

Dagogo ló ṣàlàyé fún un pé onílé ló ń fi ẹ̀rọ kékeré ya àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n lè padà wá sanwó wo ara wọn. "Ti ọdún 1966 nìyẹn," ni bàbá náà wí. "Gbé e padà síbi tó wà, my brother."

Ẹkúndayọ̀ gbé e padà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé fíìmù tuntun dé láti Èkó kò dé. Èrò ti jókòó, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Kí ó má baà lé wọn jáde, ó gbé róòlù àtijọ́ náà sí i, ó ní kí òun kàn fi dá wọn lára yá ná.

Ariwo dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da omi sí iná. Ibiere tó wá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ bú sí igbe.

"Na Mama Chinyere be dat! Mama Chinyere, you dey?"

Ó ń juwọ́ sí obìnrin kan nínú àwòrán náà tó gbé àwo àkàrà, tí wọ́n ti jọ ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọdún mẹ́fà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń pe orúkọ onílé wọn àtijọ́, orúkọ tíṣà ọmọ wọn, orúkọ ẹni tó máa ń gẹ irun wọn. Kò sí èyí tó dáhùn nínú gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn èrò kò gbà kí sinimá bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn ará inú róòlù náà. Wọ́n á kígbe pé, "Show us our people!" Ẹkúndayọ̀ á sì fi wọ́n hàn. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ wọ́n ju àwọn alààyè tó ń bá kẹ́gbẹ́ lọ. Bó bá ń lọ lójú títì, ó máa ń yà kúrò lọ́nà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bó bá jókòó ti bọ̀ọ̀lì rẹ̀ lẹ́nu géètì, ńṣe ló máa ń gbọ́ ẹ̀rín tí róòlù náà kò ní, á bojú wẹ̀yìn, á rí ògiri. Ó ń rù. Ó kọ lẹ́tà sílé, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Sájẹ́ńtì kan wà tí ń jẹ́ Yísà, ọmọ Ọ̀fà, tí kì í pa Sátidé kankan jẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gun òkè wá bá Ẹkúndayọ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí hàn mọ́."

"Kí ló dé? Ṣé àwọn ọ̀gá yín ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, èmi ni." Yísà ń wo ilẹ̀. "Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ní ojú ọ̀nà kan tó jáde nílùú, lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a ò ríran dáadáa. A rò pé ìbọn ló gbé dání, a yìnbọn fún un. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni."

Ẹkúndayọ̀ pa iná ẹ̀rọ. Ó wé róòlù náà, ó dé e mọ́ inú agolo, ó sì sọ fún àwọn èrò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n bú u. Wọ́n tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, nítorí kò sí ibòmíràn tí sísì lè mú ènìyàn dé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ogun parí. Ní oṣù kẹta, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin gíga kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọ̀pá wá sẹ́nu géètì. Okùn ló fi so ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ìdí.

"Wọ́n ní mo wà nínú sinimá yín," ni ó wí.

Dagogo gbójú sókè, tíkẹ́ẹ̀tì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nwaogu ni, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìdojúkọ gbọ̀ngàn náà tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú.

Ẹkúndayọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó gbé róòlù náà sórí ẹ̀rọ fún Nwaogu nìkan. Nígbà tí ìyàwó télọ̀ náà yọ, tó ń fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà sókè, Nwaogu dìde, ó rìn lọ síwájú. Òjìji rẹ̀ bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Ó yára yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá.

"Dá a dúró síbi tí wọ́n wà!"

"Kò ṣe é dá dúró," ni Ẹkúndayọ̀ ké láti òkè. "Bí mo bá dá a dúró, ooru iná á jó wọn."

"Nígbà náà, tún un ṣe."

Ìgbà mẹ́rin ni ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, Nwaogu jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ pé Ugochi ni orúkọ ọmọ náà, pé ebi ló pa á nínú igbó, pé ìyá rẹ̀ kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò ní fọ́tò kankan mọ́. Ó ti lọ sí ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹkúndayọ̀ mú sísọ́ọ̀sì. Kò tíì gé fíìmù tí kò bàjẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó gé ibi tí àwọn mẹ́ta yẹn wà, ó gùn tó apá méjì, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Nwaogu gbé e sókè sí oòrùn níta. Wọn kò tóbi ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọn kò kọjá lọ mọ́. Ibiere gbé bọ̀ọ̀lì lé e lọ́wọ́, ó kọ̀ láti gba tọ́rọ́. Nwaogu jẹ ìdajì, ó fi ewé wé ìyókù, ó fi sápò bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọ̀la yóò ní oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tàn ká. Àwọn mìíràn ń dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá rí èèyàn rẹ̀, Ẹkúndayọ̀ á gé e fún un, á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyókù pọ̀. Èrò tó tò lára aṣọ ń dínkù. Ìṣẹ́jú méje di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì. Mama Chinyere fúnra rẹ̀ wá ní oṣù Okúdù, ó ti fọ́ lójú kan, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ara rẹ̀. Òun nìkan ni Ẹkúndayọ̀ rí tó rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó gbé Yísà lọ síbòmíràn, ó tún gun òkè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé oníkẹ̀kẹ́ yẹn fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mò ń rí i bí mo bá dijú. Bóyá bó bá wà lọ́wọ́ mi, n kò ní rí i bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹkúndayọ̀ wo agolo náà. "Àbúrò, àwọn èèyàn rẹ̀ ló ni ín," ni ó wí. Yísà tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ tí a ti lé jáde, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Títí ọdún náà fi parí, ẹnikẹ́ni kò wá béèrè oníkẹ̀kẹ́.

Ní Kérésì, wọ́n gba gbọ̀ngàn náà, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkó-sìmẹ́ńtì sí. Ẹkúndayọ̀ wọ iṣẹ́ ní èbúté, ó ránṣẹ́ pe Adébùsọ́lá àti àwọn ọmọ. Sinimá tuntun ti ṣí láàárín ìlú, àwọn ọmọ kò sì jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Á mú wọn lọ, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sísì, á dúró títí wọ́n á fi wọlé. Òun kì í wọlé, kí ó má baà tún rí èrò tó tò yẹn. Ìta ló máa ń jókòó sí títí yóò fi tán, kò sì gbà kí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ìdí.