Ilà Tí Múfú Kọ fún Kò-Sí-Ọ̀nà

Ní Sátidé tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi rán mi lọ sí Ìtòkú pé kí n bá òun ra àdìrẹ, bí ẹni pé mo mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Mo ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni òórùn ẹ̀kọ láfún bá gbá mi nímú láti inú àgbàlá kan. Ẹ̀kọ yẹn kì í ṣe ti jíjẹ o. Òun ni àwọn aládìrẹ máa ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má bàa mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Àwọn tó ń kọjá lọ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Èmi dúró gbagidi, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan, torí pé òórùn bọ́ọ̀lù ni ẹ̀kọ yẹn jẹ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra káàdì agbábọ́ọ̀lù nínú ọ̀rá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó ń tẹ káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìlú wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìsàlẹ̀ pátápátá, débi pé rédíò kì í sọ èsì wọn àfi tí àyè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkéde òkú. Ṣùgbọ́n lójú èmi àti Múfú ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹgbẹ́ tó jù wọ́n lọ láyé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe káàdì wọn, àwa á ṣe é.

Ìyá Múfú ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú níbẹ̀ yẹn, bàbá rẹ̀ sì ń ta aṣọ láàárín Abẹ́òkúta àti Ìlọrin. Àti ilé ni ọwọ́ ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ ọnà. A ó gé páálí ṣúgà, a ó fi ẹ̀kọ tí ìyá rẹ̀ lò kù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn kó lè le, a ó sá a sóòrùn. Bó bá gbẹ, Múfú á ti ìyẹ́ adìẹ bọ aró, á ya agbábọ́ọ̀lù sí i, àwọ̀ aró ni gbogbo wọn. Èmi tí n kò lè ya ẹyin kó jọ ẹyin, ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n fi mí sí. Mo máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà onítọ̀hún síbẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́ Ajé, nítorí bọ́ọ̀lù nìkan kò lè bọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni aṣọ́lé wa ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá fò mú bọ́ọ̀lù, a máa ń búra pé a rí eruku tó ń bọ́ lára ẹ̀. Ẹni tó ń sáré lápá òsì ń gẹrun ní Sápọ́n. Wàhálà kan ṣoṣo tí a ní ni pé aáyán fẹ́ràn ẹ̀kọ láfún. Wọ́n jẹ ẹsẹ̀ aṣọ́lé méjèèjì tán pátá, a sì ní láti tún un dá.

Bí káàdì bá ti pé, ó ku ká gba ìbuwọ́lù. A máa ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́nà Kútọ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń parí ìdánrawò. Ẹnikẹ́ni kò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Agẹrun yẹn sáìn tiẹ̀ tán, ó tún sáré tẹ̀ lé wa pé ká mú un wá, òun lè ṣe é kó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni bàbá Múfú pinnu pé kí gbogbo ilé kó lọ sí Ìlọrin. Múfú kò sunkún. Ohun tó kàn ń sọ ni pé òun kò ní lọ láìkó gbogbo ẹgbẹ́ náà dání. Gbogbo wọn ló sì ti sáìn, àfi Kò-Sí-Ọ̀nà.

Kò-Sí-Ọ̀nà ló ń dí ẹ̀yìn fún wa. Ó ń wa tírélà òkúta lọ́jọ́ iṣẹ́, ó sì ń ṣe bíi tírélà lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó yọ eyín ẹnìkan nínú ìdíje kan, ó sì bá a mú un nílẹ̀, ó dá a padà fún un. Mo gbà á gbọ́.

Múfú ní, "Ìwọ lo máa lọ. Ṣebí ìwọ lò ń fẹnu ṣe akin."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Méjèèjì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò wọn ni mo tó lọ. Mo ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bí ẹni ń ka kéú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú ọkùnrin náà, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó wo oòrùn tó ń wọ̀. "Àárọ̀ ibo?"

Mo na káàdì sí i. Ó gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Ta wá ló kọlà fún mi?"

Yéè. Àwòrán bàbá bàbá Múfú tó wà lára ògiri ilé wọn ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú ọkùnrin, nítorí náà gbogbo agbábọ́ọ̀lù wa ló bu àbàjà fún. Ó ní ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún Ẹ̀gbá ti di Ẹ̀gbá nìyẹn. Àwọn yòókù ti fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sáìn, wọ́n lọ.

Kò-Sí-Ọ̀nà ní, "Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ń bẹ láyé. Bí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á ní Ẹ̀gbá ti jí ọmọ àwọn gbé. Mi ò lè sáìn ojú tí kì í ṣe tèmi." Ó dá káàdì padà.

Mo ti yí ẹ̀yìn padà láti sá. Mo wá rí Múfú lẹ́bàá ọgbà pápá lọ́ọ̀ọ́kán, ó di àwọn káàdì ẹgbẹ́ mọ́yà, ó ń wò mí. Mo kàn gbọ́ ohùn kan tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká lọ sílé ọ̀rẹ́ mi tó yà á, kó lè rí ojú yín dáadáa." Ohùn èmi ni. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti fọwọ́ bo ẹnu mi.

Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ jìn?"

Bí a ṣe rìn dé Ìtòkú nìyẹn, Múfú ti sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀, èmi níwájú, Kò-Sí-Ọ̀nà lẹ́yìn mi, tí àwọn èèyàn ń béèrè kí ni mo jí. Ìyá Múfú gbé àpótí fún un. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń sá fún jókòó ṣinṣin bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Ìyá Múfú ní, "Ẹ má mira o, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá mira, ilà ló ń gbà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ó ní èjí! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní gbogbo Ẹ̀gbá, torí kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ rí. Múfú yáa ya èjí náà sí i, kò fi ilà kankan kún un. Kò-Sí-Ọ̀nà sáìn ín gàdàgbà, ó sì gba èyí tó nílà pẹ̀lú, ó ní òun fẹ́ lọ fi dẹ́rù ba màmá òun.

Ẹgbẹ́ wa pé pérépéré nígbà tí ọkọ̀ Múfú gbéra láàárọ̀. N kò tíì rí i láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé níbikíbi tó bá wà, ó ní aṣọ́lé tó ní ẹsẹ̀ tuntun.

Ẹ̀yin ń fi fóònù ya àwòrán báyìí, aáyán kò sì lè jẹ ẹ́, mi ò bá yín jà. Lóṣù tó kọjá, mo mú ọmọ àbúrò mi lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ìlú. Bọ́ọ̀lù parí, ó fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sáìn fìlà òun, ló bá sá sẹ́yìn mi. "Ọ́ńkù, ẹ bá mi sọ fún wọn." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni agbábọ́ọ̀lù náà, ó ń tú okùn bàtà, àbíkẹ́yìn mi lè jù ú lọ. Mo ní kí n pe ara mi ní àgbà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Agbábọ́ọ̀lù náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó gba bírò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ òun rí. Ó sáìn fìlà náà gàdàgbà.