Oògùn Èèyàn Méjì Nínú Ikùn Ẹnìkan

Ìṣirò nìkan ni mo yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, òun náà ló sì fẹ́ ba ilé mi jẹ́.

Ọdún kejì tí mo gbé ìyàwó, ní Ṣakí, ni ìsàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ara ẹ̀ ń gbóná, omi tó ń jáde lójú ara ẹ̀ ń rùn, a ò sì lè sún mọ́ra kó má ké ìrora. Èmi ọ̀mọ̀wé wò ó, mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó jáwọ́ nínú ṣúgà. Ó jáwọ́ nínú ṣúgà. Kò san.

A lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ará Ìrawọ̀, tẹ ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ tòsì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Kò síbi tó fọwọ́ kàn tí kò dùn ún. Ó ní kòkòrò ti gba ojú ara gòkè wọ ilé ọmọ. Tá a bá fi í sílẹ̀, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lè dí, kó má rọ́mọ bí. Ìyàwó mi tún ìró ẹ̀ dì.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Ṣé o máa ń rìnrìn àjò?"

Mo ní mo máa ń bá ọkọ̀ ẹrù lọ sí ibodè, àti pé ọ̀nà yẹn ò dáa.

"Mi ò bi ẹ́ ní ti ọ̀nà. Ṣé o máa ń sùn lọ́hùn-ún?"

Mo wolẹ̀. Ìyàwó mi wò mí.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún àwa méjèèjì ní kápúsù ọjọ́ mẹ́rìnlá, tèmi lọ́tọ̀, tiẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ní ká má sún mọ́ra títí a ó fi lò ó tán.

Nǹkan kan ò ṣe èmi. Mò ń tọ̀ bí ẹṣin. Mo bá ṣe ìṣirò: oògùn èèyàn méjì nínú ikùn ẹnìkan, ìwòsàn á yá ní ìlọ́po méjì. Mo kó tèmi fún un. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Ó ń bì, àmọ́ ó san. Mò ń yan káàkiri àdúgbò bíi dókítà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìrora padà dé.

"Oògùn tìẹ ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì wí.

Mo ṣàlàyé ìṣirò mi. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ta ló kọ́ ẹ níwèé?"

Mo dárúkọ ilé ìwé wa.

"Wọ́n kọ́ ẹ tì. Ara ẹ ni kòkòrò yẹn ń gbé. Ọkùnrin lè gbé e kiri kó má dùn ún. A lé e kúrò lára ìyàwó ẹ, o tún gbé e padà wá fún un."

"Màmá," ìyàwó mi wí, "ẹ gún àwọn náà lábẹ́rẹ́ níbí, kí n máa wò ó."

Mo sọ ṣòkòtò kalẹ̀. Ó wò ó.

Nílé, bí mo bá ti gbé kápúsù mì, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu." Á wá fi ìka gbé ahọ́n mi sókè. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, kò fìgbà kan pè mí ní ìwọ.

Nígbà tá a padà, nọ́ọ̀sì tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì. Kò dùn ún mọ́. Ní ti ọmọ, ó ní òun ò lè búra, ká máa wò ó láti oṣù dé oṣù. Ìyàwó mi dúpẹ́. Ó ní kí n lọ dúró síta, òun ṣì lọ́rọ̀ tóun fẹ́ bá Màmá sọ.

Mo jáde. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.