"Wọ́n" Tó Fẹ́rẹ̀ Pa Bàbá Làmídì

Ọjọ́ tí ogun ká wa mọ́lé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá Làmídì dákẹ́ lójijì. Káàdì ìgbéyàwó ni wọ́n ń to lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti to orúkọ ìyàwó tán, wọn ò tíì to ti ọkọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, ní òdìkejì Odò Ọya, yàrá kan nílé wọn ni mo gbà. Ọmọ Bajulaiye, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú níbí, ni wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé ìlú yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé lónìí, ẹ ò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, tí wọ́n ń tò ó títí yóò fi di ọ̀rọ̀.

A ò rí ọ̀nà sá lọ. Nígbà tí gààrí tán, ewé ẹ̀gẹ́ là ń sè. Iyọ̀ di ohun tí à ń fi orí ìka lá. Bí ìbọn ńlá bá dún, páànù orí ilé a máa gbọ̀n. Ibà wá dá Bàbá dùbúlẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni sójà kan fẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí yàrá Bàbá.

"Who dey inside?"

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kà fò lọ. Yorùbá ni mo rò lọ́kàn, bó ṣe wà ni mo ṣe sọ ọ́: "Dem dey sleep, sir."

"Dem?"

Ó fà sẹ́yìn, ó yọ bọ́ǹbù ọwọ́ kan nínú bẹ́líìtì rẹ̀, ó ki ìka bọ òrùka rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Bàbá wúkọ́ nínú yàrá. Ohùn wọn rọra jáde. "Oga soldier, abeg wait. Na me be dem."

"Which dem?"

Wọ́n ń fi ògiri tilẹ̀ bọ̀, wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Yoruba pikin no dey call old man 'him'. Na only me be dem. Come look."

Sójà náà wo inú yàrá, ó wo Bàbá, ó wá wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Una respect go kill una." Ó dá bọ́ǹbù padà sí bẹ́líìtì, ó kó ìwọ̀nba iyọ̀ tó kù wá kù, ó lọ.

Mo bi Bàbá pé, "Ẹ̀rù ò bà yín ni, sà?"

"Ṣé o ò rí ṣòkòtò mi tó tutù ni? Ọmọ yunifásítì, o fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa mí." Wọ́n jókòó sílẹ̀. "Tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n nídìí iṣẹ́, mi ò kì í wo odindi ojú ìwé. Lẹ́tà tó kàn ni mo máa ń wá. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn."

Ibà yẹn ló pa wọ́n kí ogun tó parí. Èmi ni mo wá túfọ̀ fún àwọn ẹbí wọn ní Bajulaiye, n kò sì kúrò ládùúgbò yìí mọ́.

Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé lórí ìfọ̀kànbalẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ní kí ènìyàn lé ẹ̀rù jáde. Bàbá ò lé tiwọn. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe wá sáyé nìyẹn, àbí òjé ló kọ́ wọn? Mo ṣì ń rò ó.

Lánàá, iná lọ, gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta ló wà nílé?"

Ọmọ ọmọ mi, Ṣadé, dá a lóhùn: "Wọ́n wà nínú yàrá. Wọ́n ń sùn."

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá ọ̀rọ̀ tó kàn.

"Èmi nìkan ni," mo sọ látinú yàrá. "Ẹ wọlé."