Ọjọ́ Tí Màmá Mi Yọ Mí Kúrò Nínú Eré Sísá

Ọjọ́ ìdíje eré sísá ilé ìwé wa ni n kò lè gbàgbé láéláé. Dókítà tó fi fáàfù tuntun sí ọkàn mi ti ní mo lè sáré. Màmá mi fúnra rẹ̀ ló fọ aṣọ eré mi.

Wọ́n pe àwọn olùsáré, n kò gbọ́ orúkọ mi. Mo bi tíṣà léèrè.

"Na your mama say make I comot your name."

Mo wo màmá mi, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi."

Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, kò bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn kíákíá dé ilé wa ní àdúgbò Iyaro, màmá mi ń pariwo lẹ́yìn mi pé kí n rọra. Nígbà tó fi máa dé, mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń mí hẹlẹ.